Katakata Àtijọ́ àti Síláṣà Ẹ̀yìn Rẹ̀: Bí Yóò Ṣe Dúró Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn àgbẹ̀, awakọ̀ katakata àti mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì tí ẹ pa ṣọ́ọ̀bù tì wá síbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú òòrùn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí síláṣà, irinṣẹ́ alábẹ tí a ń kọ́ sẹ́yìn katakata fi gé koríko, èyí tó yẹ katakata kékeré àtijọ́: àwọn Massey Ferguson 35 àti 135, àti àwọn àgbà tó ṣíwájú wọn. Ẹ ò ní kí n máa ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń wá síláṣà. Bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, igbó Akíntọ́lá ti gba oko lọ́wọ́ ẹni. Láti Ọba-Ilé títí dé Ìta-Ògbólú, owó tí wọ́n ń gbà fi àdá ṣán oko kò ṣeé sún mọ́ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó sì ń ṣán an ti gun ọ̀kadà lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra síláṣà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ́ńjìnnì mi á gbé e?” Ìbéèrè tó dáa ni, a ó sì dáhùn rẹ̀ kí a tó túká. Àmọ́ èmi ò ní jẹ́ kó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ bi katakata yín pé: bí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ṣé wàá dúró? Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ kò tó, ńṣe ló máa kú sínú koríko, ẹ óò tún un tàn. Katakata tó kọ̀ láti dúró, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni kí Ọlọ́run yọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1938, Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, lọ bá Henry Ford ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ pé àwọn á jọ ṣe katakata. Wọn ò kọ ìwé àdéhùn. Ìbọwọ́ yẹn ló bí Ford 9N ní 1939. 2N tẹ̀ lé e ní 1942, 8N dé ní 1947, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1952. Nígbà tí àárín wọn dàrú, tí ọ̀rọ̀ di ti kóòtù (ẹ rí ohun tí àìkọ̀wé máa ń fà), Ferguson ti ń jẹ́ kí wọ́n ṣe tirẹ̀ ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. TE20 nìyẹn, láti 1946 sí 1956, èyí tí wọ́n ṣe sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Inú ìdílé yìí ni 35 àti 135 ti wá. Apá mẹ́ta tí ẹ fi ń gbé irinṣẹ́ kọ́ ẹ̀yìn katakata yín lónìí, Ferguson ló gbé e jáde fún ayé.

Nínú TE20 àti àwọn Ford onílẹ́tà N wọ̀nyẹn, kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà. Agbára á kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, á gba kílọ́ọ̀ṣì kọjá, á wọ jíábọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ọ̀kan lọ sí táyà ẹ̀yìn, èkejì lọ sí PTO, irin tó ń yí lẹ́yìn tí ẹ ń kọ́ ṣáàfù síláṣà sí. Táyà àti PTO so kọ́ra nínú jíábọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ lẹ fẹ́ fi túlẹ̀, kò sí wàhálà kankan. Síláṣà ló ń fa wàhálà, torí pé abẹ rẹ̀ wúwo, irin tó gbé abẹ wúwo, gbogbo rẹ̀ sì ń yí fìrìfìrì. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì yọwọ́, abẹ ò yọwọ́. Ó ṣì ń yí. Ó ń yí ṣáàfù, ṣáàfù ń yí jíà, jíà ń yí táyà, katakata sì ń lọ. Ẹsẹ̀ yín ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì ń gbé yín lọ sínú gọ́tà tàbí sára igi kòkó. Bíréèkì irú katakata bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àgbà ti dé sí i.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀ pé ayé ló ń ṣe katakata báyìí, wọ́n ní ẹni tó ń jowú ló fi nǹkan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ayé sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe to jíà inú rẹ̀ nìyẹn láti Coventry.

Katakata mìíràn wà tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́ onípele méjì, táyà ní ipele tirẹ̀, PTO ní tirẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ irú èyí tí tiyín jẹ́ rèé. Ẹ tú gbogbo irinṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, jíà ní níútírà, bíréèkì ọwọ́ ní fífà, kí ẹnì kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tó jìnnà díẹ̀, tó ti lè máa wo PTO. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ ki PTO sí i, ẹ jẹ́ kó máa yí pẹ̀lẹ́. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ onípele méjì, ẹsẹ̀ yín á kan ibì kan láàárín ọ̀nà tó ti máa le sí i. Níbi tó ti le yẹn, ẹni tó ń wo PTO á sọ fún yín pé ó ṣì ń yí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, PTO á dúró. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lójú oko, ìdajì ìtẹ̀ á dá táyà dúró, abẹ á ṣì máa gé koríko tó há sí i, haidirọ́líìkì náà á ṣì máa ṣiṣẹ́. Tí ẹsẹ̀ yín bá lọ wọ̀ọ̀ láìkan nǹkan kan, tí PTO sì dúró nígbà kan náà tí kílọ́ọ̀ṣì já, kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lẹ ní.

Ẹ má fi orúkọ ara bọ́nẹ́ẹ̀tì dájọ́ o. 35 wà tó jẹ́ onípele méjì, 35 wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, 135 náà sì rí bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ tí ẹ rà, ẹ ò mọ ẹni tó tún kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣe kẹ́yìn, bóyá ó sì tò ó bó ṣe yẹ. Ẹ dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Àìsàn yìí ní oògùn. Kọ́púlà kan wà tí wọ́n ń kì bọ orí PTO, tó ń ṣiṣẹ́ bíi fíríwíìlì kẹ̀kẹ́: tí ẹ bá wa pẹ́dàlì, táyà á yí, tí ẹ bá dá ẹsẹ̀ dúró, táyà á máa yí lọ, kò ní fi pẹ́dàlì gbá yín lẹ́sẹ̀. Katakata á lè yí síláṣà, síláṣà ò ní lè yí katakata. Ẹni tó bá ní TE20 tàbí Ford N tó fẹ́ kọ́ síláṣà sí i láìní kọ́púlà yìí, èmi ò ní bá a dé oko rẹ̀.

Ó tún wà pé irin PTO àwọn àgbà yẹn tín-ín-rín: ínǹṣì 1⅛ ni. Ti síláṣà òde òní jẹ́ ínǹṣì 1⅜, eyín mẹ́fà. Kọ́púlà wà tí inú rẹ̀ jẹ́ 1⅛, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 1⅜, ìyẹn á yanjú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé téèpù lọ sọ́jà, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Kẹ́ ẹ sì rántí pé kọ́púlà á fi bí ínǹṣì mélòó kan kún gígùn ibi tí ṣáàfù ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ṣáàfù tó bá yín mu lánàá á ti gùn jù lónìí.

Oníṣòwò á sọ fún yín pé, “Alhaji, síláṣà yìí ní kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lára.” Ẹ bi í pé kílọ́ọ̀ṣì wo. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó ń yọ̀ nígbà tí abẹ bá gbá kúkùté ló ń wí. Ìyẹn ń dáàbò bo jíábọ́ọ̀sì síláṣà. Kò sí nǹkan kan tó lè ṣe nípa kí katakata dúró, torí ọ̀nà méjèèjì ló ń gbé agbára gbà. Mo ti rí ẹni tó ra èyí pẹ̀lú owó gidi, tó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà.

Ó wá kan ti agbára. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń lò ni agbára ẹṣin 5 ní orí PTO fún ẹsẹ̀ bàtà kan tí síláṣà fẹ̀. TE20, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, kò kọjá àárín 20 sí 28, bí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ bá ṣe rí. 8N kò jìnnà sí i. 35 tó ní Perkins oní-sìlíńdà mẹ́ta tó ń jẹ dísù, bíi 37 ni. 135 sún mọ́ 45 lójú ẹ́ńjìnnì, ó dín sí i kó tó dé PTO. Nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹ 35 dáadáa. 135 lè gbé 6 nínú koríko tó rọ̀. TE20 lè gbé 5 lórí pápá tí wọ́n ń gé déédéé.

Ṣùgbọ́n pápá tí wọ́n ń gé déédéé wo la ní níbí? Akíntọ́lá tó ti lo ọdún kan, igi ló ń dà nísàlẹ̀. Eésún tó ga ju ènìyàn lọ, tó tún ru omi òjò, wúwo ju bó ṣe rí lójú. Èkan ló fúyẹ́ jù nínú wọn, ẹ ó kàn máa gé e léraléra ni. Síláṣà fífúyẹ́ tí ẹ ń rí kì í ṣe fún igi tó nípọn ju ínǹṣì kan lọ. Ẹ sì yọ ti ogbó kúrò nínú agbára ẹṣin yẹn: ẹ́ńjìnnì tó ti lò ju àádọ́ta ọdún lọ, tó ń tú èéfín búlúù, kò sí 37 nínú rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ oko Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì ni mo fẹ́ gbé TE20 lọ, ẹsẹ̀ bàtà 4 ni màá rà.

Ẹnì kan á ní, “4 yẹn kò bo táyà mi.” Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. TE20 àti 8N, bí ẹ bá sún táyà ẹ̀yìn wọn mọ́ra débi tó kéré jù, láti àárín táyà kan sí àárín èkejì jẹ́ ínǹṣì 48. Táyà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 10. Láti ẹ̀gbẹ́ ìta dé ẹ̀gbẹ́ ìta, 58 nìyẹn. Ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ 60. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ bàtà 5 fi bá àwọn katakata yìí lára mu láti ìgbà pípẹ́: ó bo ojú ẹsẹ̀ táyà méjèèjì. Tí ẹ bá lo 4, táyà á máa tẹ koríko mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, koríko á dìde lọ́jọ́ kejì bíi pé ẹ ò débẹ̀ rí. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ sún síláṣà sí apá kan, kó tẹ̀ lé táyà ọ̀tún gẹ́lẹ́, kí táyà òsì sì máa rìn lórí ibi tí ẹ ti gé kọjá. Èyí á fi dandan mú yín máa yí oko sí ìhà kan ṣoṣo. Kò rọrùn bí a ṣe ń sọ ọ́, ó sì sàn ju kí ẹ́ńjìnnì máa kú lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ti wa katakata ńlá kì í tètè mọ̀. Lórí kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, ẹ ò lè dín ìrìn kù kí ẹ má dín yíyí abẹ kù. Bí ẹ bá kan ibi tí koríko ti ki, tí ẹ sì dín ẹ́ńjìnnì kù, abẹ náà ti rọ, koríko á há. Jíà àkọ́kọ́ wọn kò sì lọ́ra tó bí a ṣe fẹ́. Ọgbọ́n tó kù ni pé kí ẹ fi ìdajì síláṣà gé e: ìdajì lórí ibi tó ti mọ́, ìdajì nínú igbó.

Àwọn tó ní oko ọ̀pẹ níhà Òkìtìpupa, tiyín rọrùn díẹ̀. Ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn ní mítà 9 onígun mẹ́ta, àlàfo ìlà sí ìlà tó bíi mítà 7.8, katakata ń kọjá wọ̀ọ̀. Síláṣà ẹsẹ̀ bàtà 5, tó ń rin kìlómítà 4 ní wákàtí, tí ẹ bá ti yọ ti ìyípo àti ti ibi tí gígé ti gun orí ara wọn kúrò, á gé bí éékà kan àti díẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹ kó imọ̀-ọ̀pẹ kúrò lọ́nà rẹ̀ ṣáájú. Oko kòkó tó ti pàdé lórí, ẹ jọ̀ọ́, àdá ló ni ín.

Ti ìwọ̀n. TE20 wúwo bíi kílò 1,100 àti díẹ̀. Síláṣà ẹsẹ̀ bàtà 5 lè tó kílò 250 sí 300, kì í sì í ṣe ìdí katakata ló jókòó sí, ó nà sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbé e sókè, iwájú á fúyẹ́, sítíárìn á di ohun tí ẹ ń yí lásán. Ẹ gbé irin ìwọ̀n síwájú, ẹ má sì fi síláṣà sókè gun òkè.

TE20, 9N àti 2N kò mọ bí a ṣe ń dá irinṣẹ́ dúró sí agbede méjì. Haidirọ́líìkì wọn mọ ìgbésókè, ó mọ ìsọ̀kalẹ̀, èyí tó wà láàárín ń bá ìwúwo ilẹ̀ lọ ni, torí ìtúlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá sọ pé kó gbé síláṣà dúró ní ínǹṣì mẹ́rin, á máa lọ sókè sódò. Ṣéènì ló ń yanjú rẹ̀: ẹ kọ́ ọ láti ibi tí tọ́pù-líǹkì, apá òkè nínú apá mẹ́ta yẹn, ti so mọ́ katakata wá sí apá ìsàlẹ̀ méjèèjì, kí ẹ wọ̀n ọ́n débi tí ẹ fẹ́ kí iwájú síláṣà gbé dé. Ẹ sọ haidirọ́líìkì kalẹ̀ kó jókòó sórí ṣéènì, kí wíìlì kékeré ẹ̀yìn síláṣà gbé ìyókù. Kí iwájú rẹ̀ fi bí ínǹṣì kan rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí abẹ lè gé koríko lẹ́ẹ̀kan kó sì jù ú sílẹ̀, kó má máa lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata. Ẹ sì rántí pé lára àwọn àgbà yìí, bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, pọ́ọ̀mpù haidirọ́líìkì náà dúró. Ẹ ò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tún máa gbé síláṣà sókè kúrò lórí òkúta.

Ṣáàfù: ẹ tì í mọ́ra pátápátá, ẹ gbé síláṣà sókè sódò pẹ̀lú ọwọ́ haidirọ́líìkì kí ṣáàfù má tíì kọ́ mọ́ PTO, kí ẹ wo ibi tó ti kúrú jù. Níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku àyè díẹ̀ kó má ba ìdí jíábọ́ọ̀sì jẹ́. Níbi tó ti gùn jù, ìdá kan nínú mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ gé irin ìta àti ti inú ní ìwọ̀n kan náà.

Ó wá kan bóòtù, ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì jà díẹ̀. Bóòtù kan wà láàárín ṣáàfù àti jíábọ́ọ̀sì síláṣà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣẹ́. Abẹ gbá kúkùté, bóòtù ṣẹ́, jíà yè. Ẹ wo orí bóòtù tó yẹ ibẹ̀: kò sí ìlà kankan lórí rẹ̀. Èyí tó ní ìlà mẹ́ta ti le jù, èyí tó ní mẹ́fà ni irú tí ẹ ń pè ní high tensile. Àgbẹ̀ á wá bá yín pé bóòtù ti ṣẹ́ títí ó ti sú òun, ẹ̀yin náà á fi èyí tó ní mẹ́fà sí i láti fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò ní ṣẹ́ mọ́, lóòótọ́. Jíábọ́ọ̀sì ló máa fọ́, tàbí PTO katakata fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ ò sì ní rí rà lójú títì. Bí bóòtù tó tọ́ bá ń ṣẹ́ jù, oko ni kí ẹ lọ wò: kúkùté àti òkìtì ọ̀gán ló wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ. Ìdí tó fi ń mì jọ̀ọ́jọ̀ọ́ lórí bóòtù rẹ̀ ni kó lè ká padà bó bá gbá nǹkan. Ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà kó jó o pọ̀ torí pé ó ń dún. Ẹ má sì pọ́n ọn bí abẹ onígbàjámọ̀, ẹnu rẹ̀ á kàn ṣẹ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ méjèèjì, kí wọ́n lè wúwo dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò kan fún yín kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ gbé sẹ́yìn. PTO ń yí ní 540 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Aṣọ ìró tí afẹ́fẹ́ gbé kàn án, ẹ kò ní rí àyè ké “yéè”. Torí náà ìdérí ṣáàfù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí jíábọ́ọ̀sì síláṣà ẹsẹ̀ bàtà 5 bá sọ 540 yẹn di 1,000, ẹnu abẹ ń lọ ní bíi kìlómítà 280 ní wákàtí kan. Òkúta tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá gbá, kò ní yà ọmọ iléèwé tó ń kọjá lọ́nà sọ́tọ̀. Ẹ kọ́ ṣéènì ìdábòbò síwájú àti sẹ́yìn síláṣà, ẹ má gbé èrò kankan sórí mọ́dígáàdì.

Ìbéèrè wáyé. Ìyá àgbà kan tó ní éékà mẹ́rin béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé kò ní sàn kí n háyà?” Mo ní, “Ẹ háyà, Màmá. Éékà mẹ́rin kò tó ohun tí èèyàn ń ra katakata àti síláṣà sí. Ẹ ṣáà bi onítọ̀hún bóyá tirẹ̀ máa ń dúró.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò lè rọ kọ́púlà yẹn ní Àkúrẹ́ níbí?” Mo sọ fún un pé ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń gé eyín irin lè gé eyín ìta rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín tó ń dìmú nínú rẹ̀ gba irin tí wọ́n fi iná sè kó le, bí ọ̀kan bá yọ̀, ibi tí a ti ń sá la padà sí yẹn. Ẹ ra ìyẹn. Wíìlì ẹ̀yìn, ìdérí ṣáàfù, ṣéènì ìdábòbò àti irin ìwọ̀n iwájú, gbogbo ìyẹn lẹ lè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín láti òní lọ. 35 kan wà níta gbàgede tí olówó rẹ̀ gbà ká dán kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká jáde sí i, kí ẹnì kan sì bá mi mú téèpù dání.